Ẹnìkejì Mi Nínú Ìwé Sòbìà

Kábúà, lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́,
Oṣù Ṣẹẹrẹ, 1987.

Albertine Fẹ̀yìntọlá, Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí ń mú inú bàbá rẹ̀ dùn,

O kú ọyẹ́ o, bí ọyẹ́ bá ń dé Kùtọnù rárá, nítorí Félix tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin sọ fún mi pé níbẹ̀ ènìyàn ń làágùn lásìkò tí ètè tiwa ń là níhìn-ín. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun yó? Àwa náà wà, ọpẹ́ ni fún Olúwa, ìyá rẹ wà, àwọn adìyẹ rẹ̀ wà, òrùlé ilé kò tíì jò nítorí òjò kò tíì rọ̀. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún nìkan ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ, ṣùgbọ́n má bẹ̀rù, má sì sáré wọ ọkọ̀, kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí tán. Dẹ́légè, olórí tí ìjọba yàn fún abúlé wa, ní gbogbo ìwé tí a bá ń kọ nísinsìnyí, kàmáráàdì ni kó fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ti kọ Kàmáráàdì Albertine sókè pépà kan, ni ìyá rẹ bá ní kí n ya á dànù, ó ní òun kò lóyún kàmáráàdì, ọmọ ni òun bí. Mo bá mú pépà mìíràn.

Kí Ọlọ́run tí ó sọ ọmọ àgbẹ̀ di ẹni tí àwọn dọ̀kítà ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀ mú ọ dé òkè téńté. Kí ọ̀rọ̀ rẹ dùn létí àwọn olùkọ́ rẹ. Kí o má pàdé àwọn tí ń fi alùpùpù sáré ní Kùtọnù, kí àwọn náà má pàdé rẹ. Àmín.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á fún ara mi, mo kà á fún ìyá rẹ, mo sì kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ sì ṣe àmín nígbà tí mo parí rẹ̀ nítorí wọ́n rò pé Èpístélì ni. Ohun tí ó yé mi ni pé ìwọ ni o ń ṣe ìṣirò sòbìà tí dọ̀kítà Antoine wá kó jọ ní àgbègbè wa, àti pé lẹ́yìn Àjíǹde ìwọ yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ láti sọ ohun tí ìṣirò náà wí. O ní ó hàn gbangba pé àwọn tí ń mu omi adágún ni sòbìà ń mú. Ṣùgbọ́n o tún ní àwọn kan wà tí wọ́n sọ pé omi pọ́ǹpù nìkan ni àwọn ń mu, tí sòbìà sì mú àwọn náà, o kò mọ ibi tí ó ti rí wọn mú, bí o kò bá sì rí àlàyé ṣe, olùkọ́ rẹ àgbà lè dá ìwé náà padà, kí o sì tún lo odidi ọdún kan sí i. O ní o kò sùn dáadáa nítorí àwọn ènìyàn yìí. O bú wọn díẹ̀ pàápàá, o ní ó dà bí ẹni pé wọ́n ń purọ́.

Ọmọ mi, ọ̀kan nínú wọn ni bàbá rẹ.

Ìwọ kò lè mọ̀, nítorí o ní kò sí orúkọ nínú ìṣirò yín, nọ́ńbà ni ẹ fi ń pe gbogbo wa. Èmi ì bá sọ nọ́ńbà mi fún ọ, ṣùgbọ́n ẹfun ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, ewúrẹ́ sì ti lá a tán. Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ ohun tí ìwọ yóò ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà ọyẹ́ bí irú èyí, dọ̀kítà Antoine dé pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adjara, tí ó máa ń bi ènìyàn ní ìbéèrè tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wá gbogbo àwọn tí sòbìà ń yọ lára wọn kiri. Lẹ́yìn náà dọ̀kítà kó gbogbo abúlé jọ, ó ní fún ẹni kọ̀ọ̀kan tí sòbìà mú, òun fẹ́ ẹnìkan tí kò mú, tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, ìbò ni òun yóò sì fi mú wọn. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi mọ ìbò nínú Bíbélì. Wọ́n ṣẹ́ ìbò, ó mú Jónà, inú ẹja ni ó sùn. Wọ́n ṣẹ́ ìbò, ó mú Ákánì, òkúta ni wọ́n sọ lù ú. Nígbà tí ìbò dọ̀kítà mú ilé mi, ìyá rẹ ké, èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí mo jí. Dẹ́légè ni inú bí jùlọ, nítorí ìbò fò ó kọjá, ó ní irú àlejò wo ni yóò wọ ìlú tí kò ní í ti ilé olórí bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa ṣẹ́ ẹ títí yóò fi mú òun. Dọ̀kítà rọra ṣàlàyé pé ìbò kò mọ olórí, kò mọ mẹ̀kúnnù, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń lò ó, kí àwọn má baà mú àwọn tí ilé wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà nìkan. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà kọ́ ìbò náà ní ẹ̀kọ́ ilé díẹ̀.

Ta ni wọ́n fi mí ṣe ẹnìkejì rẹ̀? Àbíbù ni, Àbíbù tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá adágún, àwọn tí ń lọ sí mọ́ṣáláṣí kékeré. Wọ́n bi wá ní ọjọ́ orí, èmi ní ọdún eéṣú ni wọ́n bí mi, òun náà ní ọdún eéṣú, ó parí. Kí ìwọ náà rántí pé Àbíbù kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi. Ewúrẹ́ rẹ̀ ti jẹ ẹ̀gẹ́ mi rí, a ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà lórí rẹ̀, láti ìgbà náà ètè lásán ni a fi ń kí ara wa. Ṣùgbọ́n dọ̀kítà dúró láàárín wa, ó ní ìwé kan náà ni àwa méjèèjì wà, fún odidi ọdún kan ni àwọn yóò máa wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti òun.

Mo ronú sí i títí mo fi dé ilé. Ìjọba fi ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Kí ni ènìyàn ń fi aláìsàn ti alára líle fún, bí kì í ṣe kí ó lè gbé e ró? Bí àwọn yóò bá sì máa wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa fún ọdún kan, ṣé kí wọ́n padà dé bá oko mi tí iṣu kún inú rẹ̀, kí oko ẹnìkejì mi jẹ́ igbó? Irú ìtìjú wo nìyẹn! Ọjọ́ kejì mo gbé ọkọ́ mi, mo gba ìsàlẹ̀ lọ. Mo bá Àbíbù níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó na ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, wọ́n fi ewé dì í. Ó rí ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó rò pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni mo tún bá wá. Mo ní rárá o, mo ní ìwé kan náà ni a wà, kí ó júwe ibi tí òun fẹ́ kọ ebè sí. Àṣàkẹ́, ọkùnrin náà wò mí, ó wò mí, ó sì sunkún. Èmi náà kò mọ ibi tí mo fẹ́ kọjú sí.

Nígbà tí mo ti oko rẹ̀ dé, Awawou ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó gbé omi fún mi nínú igbá. Ibí yìí gan-an ni kí o ti fetí sílẹ̀. Dọ̀kítà ti kìlọ̀ fún gbogbo wa ní ìpàdé pé a kò gbọdọ̀ mu omi adágún láìfi aṣọ sẹ́ ẹ, ó sì ti fi aṣọ funfun kan hàn wá tí ihò rẹ̀ kéré púpọ̀. Mo rántí. Mo wo inú igbá, mo rí i pé omi adágún ni, nítorí Àbíbù kì í mu ti pọ́ǹpù, ó ní omi pọ́ǹpù ń rùn irin, ó ní bàbá òun mu ti adágún ó sì darúgbó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ omi ilé onílé? Ẹni tó bá kọ omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un, ó ti sọ fún onílé pé apani ni. Ká tilẹ̀ ní ilé ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni, mo lè ní mo ti mu omi lọ́nà. Ilé ẹni tí mo bá ṣe ẹjọ́ ewúrẹ́ ńkọ́? Yóò ní mo ṣì ní i sínú. Omi la bù wẹ̀, omi la bù mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Mo gbé e, mo mu ún kan ìsàlẹ̀ igbá, mo sì súre fún Awawou. Títí a fi gbin iṣu Àbíbù tán ni mo ń mu ún bẹ́ẹ̀, a sì di ọ̀rẹ́, nítorí ènìyàn kò lè máa bá ẹnìkan mu omi lójoojúmọ́ kí ó sì tún máa rántí ewúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ bàtà tí o bi mí léèrè, òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀ bí o ṣe gbọ́ ọ. Dọ̀kítà Antoine padà wá nígbà òjò láti sọ ohun tí ìṣirò kọ́kọ́ wí, ó sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé sòbìà kì í fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn tó ń wọ bàtà. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn ti gba ọjà Ṣábẹ̀ẹ́ lọ. Bàtà tán ní ọjà. Dẹ́légè ń wọ tirẹ̀ sùn. Obìnrin kan ra bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó ní ẹsẹ̀ òsì ni ó máa ń yọ òun lẹ́nu. Àfi ìgbà tí dọ̀kítà sáré padà wá tí ó ń kígbe pé kì í ṣe bàtà o. Ó ní àwọn tó ń wọ bàtà ni àwọn tí ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, ibẹ̀ náà ni pọ́ǹpù sì wà, nítorí náà bàtà kàn dúró níbi tí ire wà ni, òun kọ́ ló ṣe ire. Ó ní bí a bá mú àwọn tí ń mu omi adágún nìkan, tí a ya oníbàtà sọ́tọ̀, tí a ya ẹlẹ́sẹ̀ lásán sọ́tọ̀, sòbìà wọn dọ́gba. Àwọn yòókù ń kùn nítorí owó bàtà wọn, ṣùgbọ́n èmi gbọ́ ọ yékéyéké. Ó dà bí ìgbà tí mo sọ fún ìyá rẹ pé nígbàkúùgbà tí alúfàá bá wá sí ilé wa ni ọbẹ̀ máa ń dùn. Kì í ṣe alúfàá ló ń mú ọbẹ̀ dùn. Adìyẹ tí ó pa nítorí rẹ̀ ni. Mo wí èyí fún dọ̀kítà, ó ní kí n tún un sọ kí òun kọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tí kò yé mi nínú lẹ́tà rẹ ni ibi tí o ti ní ìṣirò náà dá yín lójú ní ìgbà márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ti gbàdúrà fún márùn-ún tó kù. Òdinatọ̀ tí o ní ó ń bá ọ ṣe ìṣirò, tí kì í sùn tí kì í sinmi, tí o ní iná mànàmáná nìkan ni ó ń jẹ, ó ká mi lára. Ta ló ń dáná fún un? Mo fi iṣu kún ẹrù tí Félix ń gbé bọ̀, kí ẹ jọ pín in, má ṣe ahun sí i, ẹni tí ó bá ń fi orí ṣiṣẹ́, ebi máa ń pa á ju àgbẹ̀ lọ. Bá mi kí i púpọ̀.

Wàyí o, ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún yìí dé, ibì kan bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi lókè ọrùn ẹsẹ̀, ó lé ròrò, ó ta mí bí iná. Mo ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, ròrò bẹ́, mo sì rí okùn funfun náà tó yọ orí. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìyá rẹ ní ta ló fi ṣe mí. Mo ní kò sẹ́ni tó fi ṣe mí. Ebè mi ti wà nílẹ̀, iṣu tí mo fẹ́ gbìn ti wà nínú àká, mi ò sì lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń wo ọyẹ́, ó sì dùn mí, n kò níí parọ́ fún ọ, mo ronú pé ebi ni a ó jẹ lọ́dún yìí.

Ṣé o mọ ẹni tí mo rí? Àbíbù ni, ó gbé ọkọ́ lé èjìká. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti jinná. Ó ní ìwé kan náà ni a wà, ó kan òun báyìí.

Bí ó ti jókòó tì mí ni Adjara dé pẹ̀lú ìwé ìbéèrè rẹ̀, ọdún ti pé. Ó rí ẹsẹ̀ mi, ó ya ẹnu, nítorí èmi ni ó wà nínú ìwé pé ara rẹ̀ dá. Ó bi mí níbo ni ilé mi ti ń pọn omi. Mo ní pọ́ǹpù. Ó bi mí ṣé mo mu omi níbòmíràn láti ọyẹ́ èṣí. Ọmọ mi, Àbíbù wà níbẹ̀. Itan rẹ̀ ń kan itan mi. Ọkùnrin tí ó fẹ́ lọ gbin iṣu mi, ṣé ojú rẹ̀ ni kí n ti ní omi rẹ̀ ló ṣe mí báyìí? Mo ní rárá o, pọ́ǹpù nìkan. Adjara tún un bi mí, ó ní kí n rò ó dáadáa. Mo ní mo ti rò ó, pọ́ǹpù nìkan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àbíbù yíjú sí apá ibi tí àwọn adìyẹ wà, n kò mọ̀ bóyá ó yé e tàbí kò yé e. Ó dìde, ó gbé ọkọ́, ó lọ sí oko mi, àtìgbà náà ló sì ti ń lọ.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ nìyí, Albertine. Nígbà tí mo kà á nínú lẹ́tà rẹ pé o kò rí oorun sùn nítorí àwọn òpùrọ́ tí ń mu pọ́ǹpù, ó gún mi dé ọkàn, nítorí èmi ni mo ń lé oorun lójú ọmọ mi. Jọ̀wọ́, tún un ṣe. Kọ ọ́ pé ọkùnrin yẹn mu omi adágún, ó sì mọ̀ pé omi adágún ni. Ṣùgbọ́n má kọ ilé ẹni tí ó ti mu ún. Nígbà tí dọ̀kítà kọ́kọ́ sọ wá di nọ́ńbà, mo bínú, mo ní a ha jẹ́ ẹran ìjọba bí. Mo ti dárí jì í báyìí, torí Àbíbù lè sá pamọ́ sábẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, kí ojú má tì í. Ní ti àwọn ará pọ́ǹpù yòókù tí sòbìà mú, má bú wọn mọ́. Padà lọ bá wọn, má bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti mu omi. Bi wọ́n pé ilé ta ni wọ́n ń lọ, kí o sì rí i dájú pé onítọ̀hún kò jókòó nítòsí.

Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò, Olúgàńbẹ ni à á ké sí. Tèmi ti degbò ná kí n tó ké sí ọ, fi orí jì mí. Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè ra oògùn egbò àti òwú tí wọ́n fi ń dì í, kí ìyá rẹ sì ra epo. Má fi í gba pọ́sítì. Nígbà tó kọjá, ọkùnrin pọ́sítì fún mi ní owó tí kì í ṣe èyí tí o fi ránṣẹ́. Ó ti gbó, mo sì mọ̀ pé ìwọ kò lè fi owó gbígbó ránṣẹ́ sí mi. Ó ní iye rẹ̀ dọ́gba. Mo ní n kò bèèrè iye, mo ní owó ọmọ mi ni kí ó fún mi. Fi lé Félix lọ́wọ́.

Ohun tó kù ló ṣe pàtàkì jù. Bá mi gba aṣọ funfun tí a fi ń sẹ́ omi lọ́wọ́ dọ̀kítà Antoine. Má gba ẹyọ kan, ẹyọ kan yóò dà bí ẹ̀sùn. Gba tó pọ̀, kí o sì kọ ọ́ pé ìwọ ni o fi ta gbogbo ọ̀rẹ́ bàbá rẹ lọ́rẹ nítorí ìwé rẹ tí o fẹ́ parí. Èmi yóò fún Dẹ́légè lákọ̀ọ́kọ́, kí inú rẹ̀ lè dùn, èmi yóò fún àwọn bàbá ìjọ, lẹ́yìn náà èmi yóò na ti Awawou sí i bí ẹni tí kò ronú nǹkan kan.

Ọlọ́run yóò wà pẹ̀lú rẹ ní ọjọ́ tí ìwọ yóò dúró níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ kò ní í wọ́n ọ lẹ́nu. Ibi tí bàbá rẹ fi ọkọ́ dé, ìwọ yóò fi ìwé kọjá rẹ̀. Ọkọ rere yóò wá ọ rí, ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un, ó dúró lé mi lórí. Ìwọ yóò sin wá, ìwọ kò ní í sin ọmọ.

Jẹ́ kí aṣọ náà tètè dé, Àṣàkẹ́ mi. Àbíbù ti fẹ́ gbin iṣu mi tán. Ọjọ́ tó bá parí rẹ̀, dandan ni kí n mú ọ̀pá mi, kí n tẹ̀ ẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Awawou yóò kúnlẹ̀, yóò gbé omi fún mi, èmi yóò sì mu ún.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tìmóthì.